Ẹ Yí Fọ́tò Náà Padà Kí Ẹ Tó Bi Í Léèrè

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Lẹ́tà tó wọlé láti Òṣogbo lóṣù yìí pọ̀, àfi bí ẹni pé àwọn tó kọ wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pọ̀: báàgì fọ́tò tí bàbá fi sílẹ̀, férémù tó ti mu omi òjò, ojú tí a kò mọ̀ mọ́. Méje la mú nínú wọn. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló gùn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi báàgì fọ́tò kan sílẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ní igba. Kò sí ọdún lára ẹyọ kan. Báwo la ṣe máa mọ ìgbà tí wọ́n yà wọ́n?*
*Ọmọ Bàbá Tísà, Òkè-Fìà*

Ẹ má tíì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tó mọ́ sórí tábìlì, kí ẹ da gbogbo wọn dojú délẹ̀, kí ẹ wá máa ka ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ fẹ́ràn òǹtẹ̀: orúkọ stúdíò, nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́, ìlú, àti orúkọ ìjọba tí ìlú náà wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìjọba yìí gan-an ni ọdún fara pamọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àdírẹ́sì Òṣogbo yí padà láìjẹ́ pé ìlú náà ṣí kúrò níbi tó wà. Títí di oṣù Karùn-ún 1967, abẹ́ Western Region ló wà. Láti 27 oṣù Karùn-ún 1967, ó di Western State. Ní 3 oṣù Kejì 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Òṣogbo sì bọ́ sínú rẹ̀. Ní 27 oṣù Kẹjọ 1991, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dé, Òṣogbo sì di olú-ìlú. Òǹtẹ̀ tó bá kọ “Oyo State” kò lè ṣáájú 1976, ẹni yòówù kó búra fún yín pé ọdún òmìnira ni wọ́n ya fọ́tò náà.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan ṣá o. Onífọ́tò kì í da rọ́bà òǹtẹ̀ rẹ̀ nù nítorí pé ìjọba yí orúkọ padà. Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ ní 1974 lè máa fi lu ẹ̀yìn fọ́tò títí di 1980. Òǹtẹ̀ ń sọ ìgbà tí fọ́tò kò lè ṣáájú. Kò sọ ìgbà tí kò lè kọjá. Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ọjọ́ tí wọ́n tẹ bébà ni òǹtẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló gbé fọ́tò kékeré bàbá àgbà lọ sí stúdíò kí wọ́n lè yà á tún fún ìsìnkú. Ẹ ó mọ irú rẹ̀: ojú rẹ̀ rọ̀, kò mú, àmì ìṣẹ́po fọ́tò àkọ́kọ́ hàn nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbọ́ ọ, nígbà mìíràn ẹ ó rí òjìji etí fọ́tò àtijọ́ náà yíká.

Bí wọ́n bá kọ iye owó sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ dẹrùn. Ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ parí nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kìíní 1973. Bí ọkọ̀ bá ń lọ lójú títì nínú fọ́tò, ẹ wo apá tó wà. Ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń wakọ̀ títí di 2 oṣù Kẹrin 1972. Ọkọ̀ tó dúró síbì kan kò tó ẹ̀rí, torí ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò pòórá lọ́jọ́ kan. Ẹ sì kọ́kọ́ rí i dájú pé wọn kò tẹ fọ́tò náà sódì: ẹ wá lẹ́tà ara ògiri, tàbí àpò àyà ẹ̀wù ọkùnrin, tó máa ń wà lápá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fọwọ́ kan bébà náà. Bébà àtijọ́ dà bí páálí tẹ́ẹ́rẹ́: ó máa ń ká, ẹ̀yìn rẹ̀ ń mu omi, ibi tó bá ya a máa tú bí òwú. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá, tí kì í mumi, kò wọ́pọ̀ rárá ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1960. Bí fọ́tò aláwọ̀ bá ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú osùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìparí àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970, tàbí díẹ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọ̀ búlúù-òun-ewé inú bébà ìgbà náà ló máa ń kọ́kọ́ kú, kódà nínú àpótí tó ṣókùnkùn, pupa nìkan ló sì máa ń ṣẹ́kù.

Ìlú pàápàá lè jẹ́rìí. Bí ère símẹ́ǹtì Igbó Ọ̀ṣun bá wà lẹ́yìn wọn, fọ́tò náà kò lè ṣáájú 1950 tí Susanne Wenger, Àdùnní Olóriṣà, oníṣẹ́ ọnà tó darí iṣẹ́ ère náà, dé Nàìjíríà. Bí orúkọ Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ eré àti iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, bá wà lára ògiri, kò lè ṣáájú 1962 tí Dúró Ládiípọ̀ dá a sílẹ̀.

Aṣọ la fi parí nítorí òun ló ń tanni jẹ jù. Ìró kúkúrú ayé ìgbà 1970 tún padà wá ní àwọn ọdún 1990. Kóòtù, táì, aago ọwọ́ àti rédíò tó wà lórí tábìlì, ti stúdíò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn; gbogbo àdúgbò ló ti wọ kóòtù náà yà. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí báyìí: “1967 sí 1973, nítorí òǹtẹ̀ Western State àti iye owó ṣílè”. Ọdún kan ṣoṣo tí a kò lè gbèjà rẹ̀ kò wúlò tó ọdún mẹ́wàá tó ní ìdí.

*Fọ́tò ìgbéyàwó ìyá mi lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Ẹnì kan ní kí n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Ṣé òótọ́ ni?*
*Ìyàwó Ilé, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun*

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Ojú fọ́tò kì í ṣe bébà lásán. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gelatin, egungun àti awọ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń mumi bí gàrí. Nígbà òjò, ooru àti ọ̀rinrin á mú un rọ̀, á fara ti gíláàsì, bó bá wá gbẹ lọ́yẹ́, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Omi gbígbóná á yọ́ awọ náà pátápátá. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ kun ún láwọ̀ (ẹ wo ètè, ìlẹ̀kẹ̀ àti gèlè, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kùn), omi tútù pàápàá á kó àwọ̀ náà lọ.

Ẹ yọ ẹ̀yìn férémù jẹ́jẹ́. Bí igun kan bá ti dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ má fà á tẹ̀ síwájú. Ẹ fi fọ́tò àti gíláàsì sílẹ̀ pọ̀, kí ẹ nu òde gíláàsì pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀ tí omi díẹ̀ kàn, kí omi má sì ṣàn dé etí. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ láti òkè gíláàsì. Bí ó ṣe wà nìyẹn: ẹ̀dà ni ẹ ó gbé kọ́ ògiri, ojúlówó á wà nínú àpótí pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Ibi tó lẹ̀ yẹn, bí ẹ bá fi agídí ṣí i, ojú ìyá yín ló máa kù sára gíláàsì.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe férémù tuntun, ẹ ní kí káfíńtà fi páálí yí etí fọ́tò ká kí àlàfo mìlímítà 2 tàbí 3 wà láàárín rẹ̀ àti gíláàsì. Ẹ gé rọ́bà sìlípáàsì tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, kí ẹ lẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn férémù kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ògiri tí òjò ń nà láti ìta kò dáa fún un, bẹ́ẹ̀ ni ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń dé.

*Mi ò ní sìkánà. Ṣé fóònù tó láti fi ṣe ẹ̀dà fọ́tò àtijọ́? Tèmi máa ń ní ìmọ́lẹ̀ funfun kan láàárín, igun rẹ̀ sì máa ń wọ́.*
*Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Baálẹ̀*

Fóònù tó. Ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn, tí kì í bá ṣe fíláàṣì, gílóòbù tó wà lókè orí yín ni. Ẹ pa méjèèjì. Ẹ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà, láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ gbé páálí funfun dúró ní òdìkejì fèrèsé kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí apá tó ṣókùnkùn. Bí ojú fọ́tò bá ń dán, ẹ gé ihò tí ojú kámẹ́rà lè gbà yọ sára páálí dúdú tàbí aṣọ dúdú, kí ẹ fi bo fóònù; òrùlé funfun àti ẹ̀wù funfun yín ló ń hàn lójú fọ́tò.

Igun tó ń wọ́, ìsúnmọ́ ló fà á. Ẹ to ìwé jọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi rúlà gígùn dábùú wọn, kí fóònù sùn lórí rẹ̀ dojú délẹ̀. Bí fóònù yín bá ní ojú kámẹ́rà kejì tí wọ́n kọ 2x sí, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e ga tó sẹ́ńtímítà 40. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ kó wà ní 1x, kí fọ́tò gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwòrán, torí ẹ̀gbẹ́ ni ìwọ́ náà wà. Ẹ ṣí ìlà onígun mẹ́rin ojú kámẹ́rà, kí ẹ fi etí fọ́tò bá a mu. Ẹ fọwọ́ kan ojú ẹni inú rẹ̀ kí kámẹ́rà mọ ibi tó máa wò, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀ kí iṣẹ́ ara léèsì funfun má baà pòórá. Ẹ lo àkókò ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá 3. Ọwọ́ tó tẹ bọ́tìnì máa ń mi fóònù.

Eruku nìkan ni kí ẹ gbọ̀n, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tuntun tó rọ̀. Itọ́ àti aṣọ tútù kò gbọdọ̀ kan án.

Ojú àti ẹ̀yìn ni ẹ ó yà, nọ́ńbà kan náà ni ẹ ó sì fún wọn: 001a ojú, 001b ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí sìkánà yá ní ibi kọ̀ǹpútà, fọ́tò íǹṣì 4 × 6, ẹ ní kí wọ́n fi í sí 600 dpi (àmì tóótòòtó 600 nínú íǹṣì kan). Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré, 1200. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́ ní TIFF, irú fáìlì tí kì í dín àwòrán kù; nǹkan bí mẹ́gábáìtì 26 ni ti 4 × 6 yẹn máa jẹ́. JPEG, fáìlì tó fúyẹ́, ni ẹ ó máa pín. Lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí àwòrán, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá rí fíìmù nínú àpòòwé, ẹ yọ̀. Ẹ mú kí ojú fóònù kejì funfun gbòò, ẹ gbé gíláàsì tó mọ́ ga ju ú lọ ní sẹ́ńtímítà 2 tàbí 3 kí àwọn àmì tóótòòtó ojú fóònù má hàn, ẹ tẹ́ fíìmù sórí gíláàsì nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ yà á, kí ẹ sì yí dúdú rẹ̀ sí funfun. Fíìmù onígun mẹ́rin dọ́gba máa ń gba àwòrán 12, ẹyọ kan tàbí méjì péré sì lẹbí sábà máa ń tẹ̀ jáde. Àwọn mẹ́wàá tó kù, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, ni ẹ ó ti rí bí ọjọ́ náà ṣe lọ: ọmọ tó ń sunkún, àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ̀, ìyá tí kò tíì tún gèlè rẹ̀ wé. Fíìmù tó bá ń rùn bí ọtí kíkan ti ń bàjẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù, kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà tirẹ̀.

*Fọ́tò kan wà tí wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé ilé wa ni, láti nǹkan bí 1970. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni, ìṣẹ́po aṣọ kan náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa ìlà náà rẹ́.*
*Àbúrò Ìbejì, Ìgbọ̀nà*

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó dúró ná. Ó jọ pé ọmọ kan ṣoṣo lẹ̀ ń wò.

Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò Yorùbá mọ ohun tó máa ń ṣe. Á ya ọmọ tó kù, á fi páálí bo ìdajì bébà nínú yàrá òkùnkùn, á tẹ ọmọ náà sí apá kan, á gbé páálí lọ sí apá kejì, á tún tẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ irú èyí tó lọ. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò Ìlá-Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ìlá kò jìnnà sí Òṣogbo. Ó ṣàkíyèsí pé nínú àwọn ẹbí kan, irú fọ́tò yìí dúró sí ipò ère ìbejì. Ohun tí agbẹ́gilére ti ń ṣe tipẹ́ ni onífọ́tò wá fi ìmọ́lẹ̀ àti páálí ṣe.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ wo òjìji abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n àwọn méjèèjì. Ọmọ méjì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì í gba ìmọ́lẹ̀ bákan náà, ẹni tó súnmọ́ fèrèsé á mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ wo ilẹ̀: bí òdòdó kápẹ́ẹ̀tì bá já lójijì lójú ìlà náà, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lápá kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ìṣẹ́po aṣọ bá jọra délẹ̀ bí ẹ ṣe wí, láti inú fíìmù kan náà ni. Bó bá yàtọ̀ díẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀kan gbé sókè ju tèkejì lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ìlà yẹn ni ibi tí páálí dúró. Òun ló fi hàn gbangba jù pé ẹnì kan ti lọ. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ìbejì méjì tí ara wọn le ni ọmọ ọmọ yín máa rí, wọn kò sì ní béèrè ohunkóhun. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ èyí tó mọ́ fún ògiri, kó ṣe é lára ẹ̀dà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé wọ́n tún un ṣe. Kí ẹ tó gbé e lọ bá àwọn àgbà, ẹ béèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá ìyá àwọn ìbejì náà ṣì wà láyé, àti bóyá wọ́n máa ń dárúkọ ẹni tó lọ nínú ilé. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń sọ ọ́ jáde.

*Mo fi ohun èlò orí fóònù tún fọ́tò bàbá bàbá mi ṣe. Ó mọ́ rekete, ó ní àwọ̀, àmọ́ bàbá mi wò ó, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.*
*Ọmọ Àlàgbà, Ayétòrò*

Òótọ́ ni bàbá yín sọ. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. A tẹ́tẹ́ pé ilà ojú bàbá àgbà ti pòórá. Ohun èlò náà kò mọ pélé, kò mọ àbàjà. Bí ibi tí fọ́tò họ ni ó rí wọn, ó sì fi awọ dídán dí i. Ojú tó ti fọ́ nínú ojúlówó, kò lè là á padà. Ojú ẹlòmíràn, lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ti rí, ló mú wá. Àwọ̀ aṣọ pẹ̀lú, àfojúbù ni. Àlàárì àti ẹtù lè ṣókùnkùn bákan náà nínú fọ́tò dúdú-òun-funfun. Kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ bí ẹni tó rí aṣọ náà kò bá sọ.

Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni pé fọ́tò tí a tún ṣe lè wọ inú ìrántí lọ. Ní 2002, Kimberley Wade, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba fọ́tò ìgbà èwe àwọn ènìyàn 20 lọ́wọ́ ẹbí wọn, wọ́n gé wọn mọ́ inú bálúùnù ńlá tó ń fò lókè, èyí tí ẹbí jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọ̀ rí. Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó fi máa parí, ìdajì wọn ti ń rántí ìrìn àjò náà, yálà díẹ̀ tàbí délẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ fi èyí tí ẹ tún ṣe han àgbàlagbà. Ojúlówó ni kí wọ́n rí, kí ẹ gba ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tó ṣeré yòókù.

Àtúnṣe tó dáa wà o: kí ẹ mú kí èyí tó ti ṣá dúdú padà, kí ẹ gé etí tó ya kúrò lára ẹ̀dà. Ibi tó bá ti kan ojú ènìyàn, ẹ mú ọwọ́ kúrò.

*Ìyá àgbà wa ya fọ́tò ní iwájú ilé kan lójú Títì Stéṣàn. Mo fẹ́ dúró síbi tí onífọ́tò dúró kí n ya ibẹ̀ bó ṣe rí lónìí. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, kò bára mu.*
*Onífóònù, Stéṣàn*

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ dúró síbi tó tọ́ ṣùgbọ́n ẹ ga jù. Onífọ́tò tó ń lo kámẹ́rà onígun mẹ́rin dọ́gba, èyí tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ orí wo láti òkè, àyà tàbí ikùn ló ń gbé e sí. Kámẹ́rà rẹ̀ kò ga ju nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ wo fọ́tò náà: níbi tí títì ti tẹ́jú, ibi tí ìpẹ̀kun ilẹ̀ ti gé ara àwọn tó dúró ni gíga kámẹ́rà wà. Bó bá gé wọn ní ìbàdí, ẹ sọ fóònù kalẹ̀ dé ìbàdí.

Láti rí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ wá nǹkan méjì tó ṣì wà, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lọ́nà jíjìn: òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, àti ṣóńṣó òrùlé ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú fọ́tò àtijọ́, òpó náà bo apá kan òrùlé yẹn. Ẹ rìn sọ́tùn-ún, sósì, títí yóò fi bò ó bákan náà. Lẹ́yìn náà ẹ wọn àlàfo láàárín òpó méjì àti fífẹ̀ ilé ẹ̀yìn lórí fọ́tò pẹ̀lú rúlà. Bí òpó bá fẹ̀ jù lójú fóònù yín ní ìfiwéra pẹ̀lú ilé ẹ̀yìn, ẹ ti súnmọ́ jù. Ẹ fà sẹ́yìn. Fífà á tóbi lójú fóònù kò lè tún ìyẹn ṣe, ẹsẹ̀ nìkan ló lè tún un ṣe. Ìgbà tí ìfiwéra bá ti bára mu ni ẹ tó lo 2x, tó súnmọ́ bí kámẹ́rà àtijọ́ yẹn ṣe ń wò. 1x gbòòrò jù.

Òjìji ni àṣírí kejì. Òṣogbo wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7°46′ sí àríwá. Oòrùn máa ń dúró gangan lórí ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí 10 oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà, òjìji á sì bọ́ sí gúúsù. Ní ìyókù ọdún, àríwá ni òjìji ń bọ́ sí. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé ìgbà ọdún Ọ̀ṣun ni wọ́n ya fọ́tò kan, tó túmọ̀ sí oṣù Kẹjọ, tí òjìji ọ̀sán inú rẹ̀ wá bọ́ sí àríwá, ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Ẹ rántí pé ọ̀sán gangan níbí kì í ṣe agogo méjìlá. Aago Nàìjíríà ṣíwájú oòrùn Òṣogbo ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, agogo kan ku ogún ìṣẹ́jú ni òjìji máa ń kúrú jù, ó sì ń yẹ̀ díẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ yà á, ẹ yan oṣù kan náà àti wákàtí tí òjìji fi bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri kan náà á dà bí ògiri mìíràn.

Ẹ kí àwọn tó ń gbé ilé náà kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Wọ́n lè ní fọ́tò iwájú ilé yín lọ́wọ́ tiwọn.

*Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo fẹ́ fi fọ́tò bi wọ́n léèrè, àmọ́ “mi ò rántí” ni wọ́n máa ń sọ.*
*Àbíkẹ́yìn, Òkè-Fìà*

Ìbéèrè yín ló ṣeé ṣe kó le. “Ọdún wo nìyí, ta nìyí?” dà bí ìdánwò. Ẹ tẹ fọ́tò náà tóbi bí ìwé A4, torí ojú àgbà, kí ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kó má ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lójúmọ́. Ẹ tan ohùn gbígbà sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà fọ́tò: “Èyí ni 014.” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wọn. Orúkọ tí ẹ bá dá ni wọ́n máa gbà.

Nǹkan ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó béèrè ènìyàn. Ta ló ni àga yìí? Aṣọ yìí, ibo lẹ ti rà á, àbí ẹ yá a ni? Ta ló di irun yìí fún yín? Ọwọ́ máa ń rántí ìró àti irun ju bí orí ṣe ń rántí ọdún lọ. Lẹ́yìn náà ẹ jáde kúrò nínú fọ́tò: ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò sí nínú èyí? Kí ni wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n délé? Ta ló sanwó onífọ́tò? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ jù, torí ẹni tó sanwó ló pinnu ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró.

Bí àbúrò wọn bá wà láyé, ẹ bi í lọ́tọ̀, lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá kó wọn jọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ló máa borí. Bí ìtàn méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ èwo. Ẹ má bá wọn jiyàn.

Pẹ́ńsùlù tó rọ̀, bíi 4B, ni kí ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn bébà àtijọ́, lẹ́bàá etí, lórí tábìlì tó le, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Báírò máa ń yọ gọngọ sí ojú fọ́tò, yíǹkì rẹ̀ á sì ràn bí ọ̀rinrin bá dé. Bébà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán kò gba pẹ́ńsùlù. Ẹ kọ tirẹ̀ sára àpòòwé kí ẹ tó ki fọ́tò bọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.